Ẹ̀yìn Dáàmù Ni Kí Ẹ Wò

Àwa ará Yábà, Sùúrùlérè àti Múṣin kì í fi bẹ́ẹ̀ ronú nípa dáàmù. Ilẹ̀ ọ̀dọ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí àfonífojì tí ènìyàn lè fi ògiri dí lẹ́nu kí omi gbára jọ síbẹ̀. Omi tí a mọ̀ ni ọ̀sà tó wà lẹ́yìn Yunifásítì Èkó ní Àkọkà, kánáà tó la àdúgbò kọjá, àti àgbàrá tí í wọlé tọ̀ wá láìkanlẹ̀kùn nígbà òjò. Síbẹ̀, bí ọwọ́ bá dilẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀bá omi náà ni ẹsẹ̀ ń gbé wa lọ. Ẹni tó fi odindi ọ̀sẹ̀ wà nínú dánfó àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mọ ohun tí wíwo omi lásán ń ṣe fún ọkàn.

Ìfẹ́ omi yìí ló gbé mi dé ẹ̀bá dáàmù kékeré kan nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Awba ni wọ́n ń pe odò ibẹ̀. Ọdún 1964 ni wọ́n dí i, wọ́n sì tún fẹ̀ ẹ́ sí i lọ́dún 1971. Ògiri amọ̀ tó dá a dúró ga ní mítà 8.5, ó gùn ní mítà 110, orí rẹ̀ sì fẹ̀ ní mítà 12.2. Adágún tó wà níwájú ògiri náà gùn tó nǹkan bí mítà 700, ó tẹ́ lórí ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 6, ibi tó jìn jù níbẹ̀ sì jẹ́ mítà 5.5. Ìpèsè omi fún àwọn tó ń gbé inú ọgbà wà lára ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ẹja àti ìwádìí bá a rìn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìgbafẹ́ dé: àwọn èwe ń wọ ọkọ̀ ojú omi, tọkọtaya ń ya fọ́tò, àwọn ẹbí ń tẹ́ ẹní sábẹ́ igi.

Omi tí adágún yìí lè gbà tó mílíọ̀nù lítà 230. Ẹni tó ń ra omi táńkà ní Sùúrùlérè ni iye yìí lè tètè yé. Ká fi táńkà onílítà 10,000 wọ̀n ọ́n, yóò jẹ́ táńkà 23,000. Ká tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn lójú títì, ká fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mítà 10, ìlà wọn yóò gùn tó kìlómítà 230, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àlọ àti àbọ̀ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Gbogbo rẹ̀ ni ògiri amọ̀ kan tí kò ga ju pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan àti òrùlé rẹ̀ lọ ń dá dúró, tọ̀sán tòru.

Ahọ́n Yorùbá ti sọ ọ̀rọ̀ náà di tirẹ̀ tipẹ́: dáàmù. Ṣùgbọ́n kí ohùn yẹ̀ díẹ̀, ó di dààmú. Àyè tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì kò fẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àyè tó wà láàárín ohun méjèèjì rí. Ohun tí mo sì fẹ́ sọ nípa àyè náà kò ju ẹyọ kan lọ. Ọjọ́ tí ògiri amọ̀ bá wó ni gbogbo ayé ń gbọ́, àmọ́ ikú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹni tó ń yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò kò wá mọ́. Dáàmù ìgbafẹ́ ló sì tètè ń pàdánù ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí pé omi ni gbogbo àlejò rẹ̀ wá wò. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn ògiri.

Ògiri amọ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn baba ńlá wa ń gbẹ́ amọ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gún un títí yóò fi kúnná, wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ọgbọ́n kan náà ni ti dáàmù amọ̀. Wọ́n á da amọ̀ sílẹ̀ pẹlẹbẹ, rólà á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìpele mìíràn á tẹ̀ lé e. Amọ̀ tó gbẹ jù kì í lẹ̀ mọ́ra, èyí tó rin jù a máa yọ̀. Ìwọ̀n tó wà láàárín ni oníṣẹ́ ń wá. Àmọ́ ilé amọ̀ ní òrùlé. Àwọn àgbà mọ̀ pé omi lọ̀tá amọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí koríko òrùlé yọ kọjá ògiri dáadáa kí òjò má baà fọwọ́ kàn án. Dáàmù kò ní òrùlé. Ọ̀tá rẹ̀ gan-an ni wọ́n ní kó gbé mọ́ra títí ayé.

Nítorí náà, omi ń wọ inú rẹ̀. Kò sí dáàmù amọ̀ tí kò sun omi rárá, ẹni tó bá sọ pé tòun kò sun kò tíì dé ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Ohun tí onímọ̀ ẹ̀rọ ń ṣe ni pé wọ́n á fún omi tó sun ní ọ̀nà: wọ́n á to iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ògiri, kí omi lè yọ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ láìgbé amọ̀ dání. Ibi tí omi ti ń yọ yìí ni ẹni tó mọṣẹ́ ń kọ́kọ́ lọ. Bí omi tó ń sun bá mọ́ gaara, ara ògiri le. Bí ó bá dà bí omi àgbo, tó ń gbé ẹrẹ̀ bọ̀, a jẹ́ pé ògiri fúnra rẹ̀ ló ń bá omi lọ, ẹ̀kún ọwọ́ kan lónìí, ẹ̀kún ọwọ́ kan lọ́la. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ihò tó bẹ̀rẹ̀ bí ojú abẹ́rẹ́ ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn á máa walẹ̀ lọ sí ìhà omi, yóò sì máa fẹ̀ bó ti ń lọ. Lọ́jọ́ tí ó bá dé adágún, kò ní ju wákàtí díẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Nínú dáàmù, òwe náà kì í ṣe àfiwé rárá. Ikán a máa mọ ọ̀gán sára ògiri amọ̀, òkété a máa gbẹ́ ilé síbẹ̀, akàn náà kò gbẹ́yìn. Bí omi adágún bá pọ̀ dé ojú ihò wọn, ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ fún un. Igi náà ń ṣe tirẹ̀. Igi tó bá hù sára ògiri dára lójú àlejò, ó sì ní ibòji, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ń wá omi lọ sí àyà dáàmù. Ọjọ́ tí igi náà bá kú ló burú jù: gbòǹgbò á jẹrà, àyè rẹ̀ á ṣófo, paipu tí ẹnikẹ́ni kò rì mọ́lẹ̀ á sì wà nínú ògiri. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fẹ́ koríko kúkúrú lára dáàmù amọ̀, tí wọn kì í fẹ́ igi. Koríko a máa di ilẹ̀ mú, ojú ẹni tó ń wò ó a sì máa rí ilẹ̀ náà kedere.

Ikú kejì ti òkè wá. Bí omi bá kún kọjá orí ògiri amọ̀, ó ń fọ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ènìyàn ti ń fọ ọwọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Nítorí rẹ̀ ni gbogbo dáàmù fi ní ọ̀nà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, kọnkéré ló sábà máa ń jẹ́, tí omi tó bá kún jù yóò gbà ṣàn lọ. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ẹnu àkúnya. Ẹnu yìí ni ohun tó ṣe pàtàkì jù lára dáàmù kékeré, òun náà ni a sì máa ń tètè gbàgbé, nítorí pé ó lè gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù tí kò ní ṣe ohunkóhun. Ẹ̀ka igi á já sí i, ewéko ojú omi tí àwọn apẹja Èkó ti ń bá jà láti nǹkan bí ọdún 1984 á kó jọ sẹ́nu rẹ̀, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà á tẹ̀ lé e. Lójú ẹni tó wá gbafẹ́, ìdọ̀tí lásán ni. Lójú dáàmù, ọwọ́ ló ń dí i lọ́fun. Nígbà kan náà, ẹrẹ̀ tí àgbàrá ń gbé wọ inú adágún ń jókòó sísàlẹ̀, àyè omi ń dín kù lọ́dọọdún, òjò tí kò lè kún un láyé ọjọ́ sí wá ń kún un.

Kí wá ni ti ìgbafẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Lókè ìlú Johnstown ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ìjọba ṣe dáàmù amọ̀ kan láti fi pèsè omi fún kánáà tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé, kánáà kò nílò rẹ̀ mọ́. Ó ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn títí tí ẹgbẹ́ ọlọ́lá kan, South Fork Fishing and Hunting Club, fi rà á. Ènìyàn bíi Andrew Carnegie àti Henry Clay Frick wà nínú ẹgbẹ́ náà. Kí ẹgbẹ́ tó dé, wọ́n ti yọ paipu irin márùn-ún tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń dín omi kù, wọ́n ti tà wọ́n bí irin àlòkù. Ẹgbẹ́ kò fi òmíràn sí i. Wọ́n gé orí ògiri wálẹ̀ díẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin méjì lè pàdé lórí rẹ̀. Wọ́n na àwọ̀n irin sí ẹnu àkúnya kí ẹja tí wọ́n fowó rà má baà sá lọ. Kò sí èyí tó jẹ́ ìkà nínú rẹ̀. Ìgbádùn ni gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 1889, lẹ́yìn òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá, pàǹtírí dí àwọ̀n irin, omi gun orí ògiri, ògiri sì lọ. Ènìyàn 2,209 ló kú.

Àpẹẹrẹ kejì sún mọ́ Awba ju ìyẹn lọ, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ ló ni ín. Ní Toccoa Falls ní ìpínlẹ̀ Georgia, kọ́lẹ́ẹ̀jì Bíbélì kan ní dáàmù amọ̀ kékeré tí ń jẹ́ Kelly Barnes. Gíga rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 11.6, òró rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 122. Iná mànàmáná ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi omi rẹ̀ ṣe. Ní ọdún 1957 wọ́n fi iná sílẹ̀, adágún náà wá di ibi ìgbafẹ́ lásán. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí aago kan àbọ̀ òru ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún 1977, ògiri já. Ènìyàn 39 ló kú lórí ibùsùn àti lójú ọ̀nà. Nígbà tí àwọn olùwádìí dé, wọn kò rí àwòrán ìkọ́lé dáàmù náà níbì kankan. Ohun tí wọ́n rí ni fọ́tò kan tí wọ́n yà lọ́dún 1973, níbi tí ó ti hàn gbangba pé apá kan ẹ̀yìn ògiri ti yọ́ wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni dáàmù fi sọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Ẹ̀yìn ló ti ń sọ ọ́.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó pa méjèèjì pọ̀. Wọ́n ṣe wọ́n nítorí iṣẹ́, ìgbafẹ́ ni wọ́n jogún wọn fún. Nígbà tí iṣẹ́ wà, ẹni tó ń gba owó nítorí omi náà ń yí ògiri po, nítorí pé bí omi bá lọ, oúnjẹ rẹ̀ lọ. Omi ẹ̀rọ tí kò yọ ní agogo tirẹ̀: gbogbo ilé ìdáná ní àdúgbò á ké. Ògiri tó ń là kò ní agogo. Tí iṣẹ́ bá kúrò, agogo bá a lọ, ẹwà nìkan ló kù, ẹwà kì í sì í ké. Èyí ni ìbẹ̀rẹ̀ ikú tí mo ń wí. Kì í hàn lójú omi. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé bí ibùdó ìgbafẹ́ ti ń gbayì, tí wọ́n ń kun àga, tí wọ́n ń gbin òdòdó, ni ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀yìn ògiri ń ṣófo.

Ìbàdàn mọ ohun tí omi lè ṣe. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa gba inú ìlú kọjá, orúkọ tí wọ́n sọ ọjọ́ náà, Omíyalé, ṣì wà lẹ́nu títí di òní. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò tún rọ̀, mìlímítà 187.5 láàárín nǹkan bí wákàtí mẹ́rin. Ẹni tó ní pulọ́ọ̀tì ọgọ́ta ẹsẹ̀ sí ọgọ́fà ní Sùúrùlérè lè ṣe ìṣirò rẹ̀: orí ilẹ̀ kan ṣoṣo yẹn, nǹkan bí lítà 125,000 ni, táńkì GeePee onílítà 1,000, márùndínláàádóje. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó kú ní Ìbàdàn lọ́jọ́ náà, afárá Apẹ́tẹ́ sì wà lára ohun tó lọ. Awba kún bo ẹnu rẹ̀, omi wọ ọgbà Yunifásítì, ó gbá oko ẹja lọ.

Òdodo ni pé òjò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ojoojúmọ́, mi ò sì ní jókòó sí Yábà kí n máa dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí rẹ̀. Ògiri tó ti dúró láti 1964 yẹ kí a yìn. Wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn ìkún omi ọdún 2011. Eléyẹlé, dáàmù àgbà tí wọ́n parí lọ́dún 1942, rí ìtọ́jú tirẹ̀ nínú ètò tí Báńkì Àgbáyé yá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní mílíọ̀nù dọ́là 200 fún lọ́dún 2014. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí owó kò lè kọ́ wa. Àtúnṣe ńlá máa ń dé lẹ́yìn àjálù, ó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, wọ́n á gé rìbọ́nù, wọ́n á ya fọ́tò. Ìtọ́jú kò ní rìbọ́nù. Kò ní ọjọ́ ìparí. Kò sì sí olóṣèlú tó ń ké sí oníròyìn nítorí pé wọ́n gé koríko.

Bákan náà ni kíkéré fúnra rẹ̀ jẹ́ ewu. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí dáàmù, ICOLD, ń ka dáàmù sí ńlá bí ó bá ga tó mítà 15, tàbí bí ó bá wà láàárín mítà 5 sí 15 tó sì gba omi tó lé ní bílíọ̀nù lítà mẹ́ta. Omi Awba jẹ́ mílíọ̀nù lítà 230, kò tó ìdá kan nínú mẹ́tàlá ìyẹn. Nítorí náà, kò sí nínú ìwé àwọn àgbà. Ẹ fi í wé Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1983, tó lè gba bílíọ̀nù lítà 270, ìyẹn ju ìlọ́po 1,000 Awba lọ. Bí àwọn alákòóso Ọ̀yán bá fẹ́ tú omi sílẹ̀, ìwé ìròyìn á gbé e, rédíò á sọ ọ́, àwọn tó ń gbé ní Ajégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú àti agbègbè Mile 12 á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Ìnira ni fún wọn, àmọ́ gbogbo ènìyàn mọ̀ pé Ọ̀yán wà. Dáàmù kékeré tó wà nínú ọgbà ilé ìwé, nínú oko ẹja, lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì, ta ló ń kà á? Àwọn tó ń sùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ka ara wọn sí ará ibi tí dáàmù wà. Adágún la mọ̀ ọ́n sí.

Bẹ́ẹ̀, títóbi nìkan kò gba dáàmù sílẹ̀ bí ojú bá kúrò lára rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, dáàmù Alau tó wà lókè Maiduguri já lẹ́yìn òjò ńlá. Omi gba ìlú, ó kéré tán ènìyàn 37 kú, ó wọ ọgbà ẹranko Sanda Kyarimi, ó pa ọ̀pọ̀ ẹranko, ó sì gbé ọ̀nì àti ejò wọ àárín ìgboro. Ìgbafẹ́ àti ẹ̀rù pàdé lójú títì. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn ni mo kọ́kọ́ rántí, òun àti adágún rẹ̀ nínú ọgbà kan náà.

Àwọn kan á ní ìmọ̀ ló kù díẹ̀ káàtó fún wa. Mi ò gbà. Láti Yábà níbi tí mo ti ń kọ èyí, Yabatech tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1947 kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ, Yunifásítì Èkó kò sì jìnnà. Ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì ń kọ́ àwọn ọmọ wa bí amọ̀ ṣe ń gbé omi àti bí omi ṣe ń la amọ̀ kọjá. Ọgbà Ìbàdàn tí Awba wà gan-an kún fún onímọ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti wọn omi Awba, wọ́n ti ka ẹja inú rẹ̀, wọ́n ti yẹ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò fún oró irin. Ẹ tún wo ibi tí ojú wọn wà: omi ni. Ìwé lórí ohun tó wà nínú adágún pọ̀ ju ìwé lórí ohun tó ń dá adágún dúró lọ. Kódà nínú ìwádìí, àlejò ni gbogbo wa níwájú omi.

Ohun tí ìtọ́jú ń bèèrè kò tilẹ̀ wọ́n. Ó ń fẹ́ ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ wà lórí iṣẹ́ náà, tó ní àdá, bàtà rọ́bà àti ìwé kékeré. Kí ó máa gba ẹ̀yìn ògiri kọjá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó sì máa lọ lójoojúmọ́ nígbà òjò. Kí ó wo bóyá ibì kan rin nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí koríko ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí gbogbo koríko yòókù ti pọ́n. Kí ó wo bóyá orí ògiri ti lọ sílẹ̀ níbì kan, nítorí ibẹ̀ ni omi yóò kọ́kọ́ gbà. Kí ó wo ilẹ̀ tó là gbọọrọ ní òró ògiri, torí àmì pé ẹ̀yìn fẹ́ yọ́ nìyẹn. Kí ó fi ike bu omi tó ń sun, kó gbé e sí oòrùn, kó wo bóyá ó dà. Kí ó kó pàǹtírí kúrò lẹ́nu àkúnya kí òjò tó dé. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti oṣù, nítorí pé ibi tó rin lónìí lè má jẹ́ nǹkan, àmọ́ ibi tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ibi tó wà ní oṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ ni. Lọ́dọọdún, kí onímọ̀ ẹ̀rọ wá ka ìwé náà. Kí àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ sì mọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà sá, kí wọ́n mọ ohùn tí yóò pè wọ́n lóru.

Ìwé kékeré yẹn ni ẹ̀mí dáàmù. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí àsọdùn létí ẹni tó rí bí kọnkéré àti katapílà ti ń náni ní owó. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ wo Toccoa. Amọ̀ wà, omi wà, fọ́tò tilẹ̀ wà. Ẹni tí fọ́tò náà jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni kò sí. Omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn, àwọn àgbà ti sọ ọ́, nítorí náà ẹlòmíràn ni yóò bá a bojú wẹ̀yìn. Nínú èdè wa, ẹ̀yìn ni ibi tí a kò rí, ẹ̀yìn náà sì ni ohun tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Dáàmù ló fi hàn mí pé ibì kan náà ni.

Mi ò sọ pé Awba fẹ́ wó. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tọ́ sí ẹnu ẹni tí kò gbé ohun ìwọ̀n débẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni ohun tí èmi fúnra mi ṣe lọ́jọ́ tí mo lọ. Wákàtí méjì ni mo fi jókòó, ojú mi kò kúrò lára omi. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ya fọ́tò mẹ́tàlá, gbogbo rẹ̀ ni adágún àti ìwọ̀-oòrùn. Ìgbà tí mo délé, tí mo fẹ́ kọ àròkọ yìí, ni mo wá rí i pé n kò ní ẹyọ kan tó fi ẹ̀yìn ògiri hàn. Èmi tí mo fẹ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ nìyẹn.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, dípò kí n lọ sí etí ọ̀sà ní Àkọkà, mo gba ẹ̀yìn ilé wa lọ síbi kánáà. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbé àdúgbò náà, n kò débẹ̀ rí àfi nígbà tí omi bá kún. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, ìsàlẹ̀ kánáà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tò síbi tí ó ti yà. Lára ògiri kọnkéré, níbi tí ó ga tó orúnkún, ìlà kan wà tí omi ń sun níbẹ̀. Mo fi ìdérí ìgò bu díẹ̀, mo gbé e sí oòrùn. Ó mọ́. Obìnrin kan tó ń sá aṣọ béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ sọ nù?" Mo ní n kò sọ nǹkan kan nù, mà. Mo kọ ọjọ́ náà sínú ìwé, mo kọ gígùn ìlà náà, mo sì kọ ọ́ pé omi mọ́.